Ohun Tí Juliana Ń Ṣe Bí Ó Bá Kúnlẹ̀

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 2024, Juliana Ọládòṣù kú ní ilé ìwòsàn kan nítòsí Rusholme, ní ìlú Manchester. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Jẹjẹrẹ inú ló pa á.

Ọkọ rẹ̀, Oyèkọ́lá, kò sunkún lọ́jọ́ náà. Inú ló ń bí i, inú náà kò sì rọ̀ títí wọ́n fi sin òkú, títí àwọn ará ìjọ fi jẹ ìrẹsì tán tí wọ́n kó abọ́ wọn lọ. Ohun tó ń bí i nínú kò ju ẹyọ kan lọ. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìyàwó rẹ̀ kú ni wọ́n tó sọ fún un pé ó ń ṣàìsàn. Dókítà tó sọ ọ́, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wo ojú Oyèkọ́lá, ó ní òun rò pé wọ́n ti mọ̀ nílé. Ó ní láti oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni àwọn ti sọ fún Juliana, tí àwọn sì ti ṣàlàyé fún un pé kò sí iṣẹ́ abẹ tó lè ràn án lọ́wọ́.

Oṣù kẹwàá. Oyèkọ́lá fi ìka kà á. Oṣù márùn-ún ni obìnrin náà fi sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ilé wọn ní Gorton, tó ń se oúnjẹ, tó ń lọ síbi iṣẹ́, tó ń wọ aṣọ funfun dúró lẹ́nu ọ̀nà ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, tó ń fi ìjókòó han àwọn èèyàn, tí kò sì la ẹnu.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Oyèkọ́lá fi wa bọ́ọ̀sì ní Manchester kó tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ ti mọ́ wíwo dígí. Ó mọ ẹni tí káàdì ìwọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ kí onítọ̀hún tó gbé ẹsẹ̀ wọlé, ó sì mọ ọmọ tó fẹ́ da ọkọ̀ rú kí ọmọ náà tó jókòó. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè fi nǹkan pamọ́ fún òun nínú ilé oníyàrá méjì fún oṣù márùn-ún, ìbá ní onítọ̀hún ń ṣeré. Nítorí náà, ohun méjì ló fẹ́ mọ̀, kò sì fẹ́ kú kó tó mọ̀ wọ́n: báwo ni Juliana ṣe ṣe é, àti pé kí ló fà á.

Ó pe Yéwándé, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ní Leeds. Ẹkún ni Yéwándé ń sun, ó ní òun náà ò mọ̀, Oyèkọ́lá sì gé fóònù. Ó lọ bá pásítọ̀. Pásítọ̀ ka ẹsẹ Bíbélì fún un, ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kó gba kámú. Kò gba kámú. Ibi iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló kù.

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Juliana ti ń ṣiṣẹ́, ní Swinton, bọ́ọ̀sì méjì sí ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti pe Oyèkọ́lá pé kó wá kó ẹrù rẹ̀. Ní ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹrin, ó ká àpò ìdọ̀tí dúdú kan sínú àpò kóòtù rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì méjèèjì. Ó fẹ́ kó ohun gbogbo sínú àpò náà láìwò ó, kó sì dojú kọ ẹnikẹ́ni tó bá rí níbẹ̀.

Ẹni tó rí ni Shakirat. Obìnrin Abẹ́òkúta ni, ó lé díẹ̀ lógójì ọdún, òun àti Juliana ni wọ́n jọ ń ṣe shift àárọ̀ láti ọdún méje sẹ́yìn. Oyèkọ́lá ti rí i níbi ìsìnkú, tó ń sunkún ju àwọn ẹbí lọ, ìyẹn náà sì ti bí i nínú lọ́jọ́ náà. Shakirat kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Dádì, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ìrọ́jú. Oyèkọ́lá ní kó dìde, ó ní kó fi ibi tí ẹrù wà han òun.

Yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sinmi ni. Tábìlì kan, ìjókòó mẹ́rin, kẹ́tùlù, àti àwọn àpótí irin tó tò sára ògiri. Shakirat ṣí èyí tó jẹ́ ti Juliana. Ohun tó kọ́kọ́ ko Oyèkọ́lá lójú ni páàkì káàdì mẹ́ta tí wọ́n fi rọ́bà dì pọ̀.

Ó béèrè pé ta ló ni ín. Shakirat ní Mọ́mì ni. Oyèkọ́lá ní irọ́ ni. Ó ní káàdì olóyìnbó kò wọ ilé òun rí. Ó ní káàdì Wọ́ọ̀tì gan-an, ọjọ́ Kérésì nìkan lòun ń gbà kí Yéwándé ta á nígbà tó wà lọ́mọdé, nítorí pé ní Mushin tí òun ti dàgbà, òun mọ àwọn tó ń fi káàdì mẹ́ta tan èrò jẹ lórí àpótí ní gbangba ọjà, òun sì mọ ibi tí àwọn kan nínú wọn parí sí. Ìyàwó òun mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà," ni Shakirat wí. "Ìdí nìyẹn tí kò fi mú un wálé."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Oyèkọ́lá. Ó fa ìjókòó kan, ó jókòó, ó ní kó sọ ọ́ délẹ̀.

Shakirat sọ ọ́ délẹ̀. Ó ní bàbá òyìnbó kan wà ní yàrá kẹsàn-án nígbà kan, Entwistle lorúkọ rẹ̀, tó ti ń pa idán káàdì kiri àwọn kíláàbù ní Salford láti ìgbà èwe. Nígbà tó máa fi dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Kò lè di ife tíì mú, ká má tíì sọ káàdì. Kì í ṣe ikú tó ń bọ̀ ló ń dùn ún. Ohun tó ń dùn ún ni pé ohun tí ọwọ́ òun mọ̀ fẹ́ bá òun lọ. Ló bá ní kí Juliana yá òun ní ọwọ́. Ọdún méjì ló fi kọ́ ọ, ní ìdajì wákàtí ìsinmi rẹ̀, lójoojúmọ́. Lẹ́yìn tí bàbá náà kú, Juliana ń ṣe é fún àwọn arúgbó yòókù ní pálọ̀, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ó ní àwọn tí kò mọ orúkọ ọmọ wọn mọ́ á ti jókòó dè é kí aago méjì tó lù.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Oyèkọ́lá rántí pé ọjọ́ Ẹtì ni Juliana máa ń pẹ́ kó tó dé, tó máa ń ní training ni àwọn ṣe. Ọdún mélòó ni training náà?  Ó ń wo àwọn káàdì náà bí ẹni ń wo bàtà ọkùnrin mìíràn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìwọ mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Ẹyọ kan ló kọ́ mi, sà. Ẹyọ yẹn náà ló mọ̀ jù."

Ó ní kó ṣe é. Ohùn tó fi sọ ọ́ dà bí ohùn ọlọ́pàá. Shakirat nu ọwọ́ sí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mú páàkì kan, ó pò ó, ó tẹ́ ẹ. Oyèkọ́lá fa ọ̀kan yọ: dúdú, alámì mẹ́jọ. Shakirat ní kó wò ó dáadáa, kó má fi han òun. Ó kó ìyókù jọ sí ọwọ́ òsì, ó gbé ìdajì òkè kúrò, ó ní kí Dádì dá tiwọn padà sáàárín. Bí Oyèkọ́lá ṣe na káàdì náà sí i, ó tẹ eékún méjèèjì ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á bí ọmọ tó gbọ́n ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

"Ó tó, dìde, Ọlọ́run á bù kún ọ," ni Oyèkọ́lá wí.

Shakirat dìde. Ó to káàdì náà kó gún, ó gé e lẹ́ẹ̀kan, ìsàlẹ̀ wá sókè, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n ṣí èyí tó wà lókè pátápátá. Dúdú ni, alámì mẹ́jọ.

Oyèkọ́lá ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí Oyèkọ́lá tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo dígí ọkọ̀ níbi tí òjò ti ń rọ̀. Káàdì rẹ̀ tún bọ́ sókè. Ó ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Ó tún bọ́ sókè. Inú bí i débi pé etí rẹ̀ gbóná. Ó ní oògùn wo ló wà níbẹ̀.

Shakirat ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀. Ó ní kò sí oògùn kankan. Ó ní ohun tí bàbá Entwistle máa ń wí ni pé ohun tí ọwọ́ rẹ bá ń ṣe nígbà tí kò fi nǹkan pamọ́, òun gan-an ni kó ṣe nígbà tó bá ń fi nǹkan pamọ́. Bí ọwọ́ bá ti ṣe ohun tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀, ó ti tú. Bàbá náà, àwàdà ló máa ń fi bo tirẹ̀. Ó máa ń dá àpárá kan tí èèyàn á fi gbójú sókè rẹ́rìn-ín. Ó kọ́ Juliana ní àpárá títí, kò bọ́ sí i. Bó bá dá a, bí ìkéde inú ṣọ́ọ̀ṣì ló ń dún. Lọ́jọ́ kan ni bàbá bi í pé, nílé yín, bí ẹni tó jù ọ́ lọ bá fún ọ ní nǹkan, kí ni ò ń ṣe? Juliana sì fi hàn án. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní ọgọ́ta ọdún lòun fi ń wá ibi tí èèyàn lè kó ọwọ́ pamọ́ sí lójú gbogbo ayé, àṣé àwọn kan ti ní in nílé láti ọjọ́ yìí.

"Àwọn òyìnbó tó wà níbí ńkọ́?" ni Oyèkọ́lá bi í. "Wọn ò mọ ìkúnlẹ̀."

"Ojú á tì wọ́n, sà. Wọ́n á ní, 'Get up, love.' Ojú Mọ́mì ni wọ́n á máa wò, tàbí eékún rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wo ọwọ́." Ó kó káàdì náà jọ. "Ẹ̀yin náà, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta lẹ súre fún mi."

Oyèkọ́lá ò mọ̀ pé òun sọ nǹkan kan lẹ́ẹ̀kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ní kó tún un ṣe.

Lọ́tẹ̀ yìí ó fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú. Nígbà tí Shakirat kúnlẹ̀ tó sì na ọwọ́ méjèèjì, gbogbo ara Oyèkọ́lá ló ń fẹ́ dáhùn. Orí fẹ́ mì, ẹnu fẹ́ súre, ojú fẹ́ lọ bá ojú ẹni tó wà nílẹ̀ kó lè sọ fún un pé ó ti rí i. Ó le ju kéèyàn máa wo ẹni tó ń ṣubú láì dì í mú lọ. Ó mú ẹnu rẹ̀ dúró. Ó wo ọwọ́. Ó sì rí i. Nígbà tí ìdajì òkè padà sórí káàdì rẹ̀, ìka tó kéré jù lọ́wọ́ òsì obìnrin náà wà láàárín wọn, ó fi àlàfo kan sílẹ̀ tí kò nípọn ju èékánná lọ, ní ìhà ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó dìde tó gé káàdì náà, ibi àlàfo yẹn ló ti gé e.

"Òun náà nìyẹn?"

"Òun náà nìyẹn, sà."

Nígbà náà ni oṣù kẹwàá padà wá bá Oyèkọ́lá níbi tó jókòó sí, kò pè é. Lẹ́tà kan wà lórí ẹní ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Sátidé kan, funfun, tó ní àmì búlúù ilé ìwòsàn lára. Òun ló ṣa á nílẹ̀. Òun ló gbé e dé kíṣìnì. Juliana nu ọwọ́ tó tutù sí aṣọ rẹ̀, ó tẹ eékún ba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Òun wí pé, "Olúwa á fún ọ lókun," òun sì padà sídìí bọ́ọ̀lù tí òun ń wò. Nígbà tí òun wá jẹun, lẹ́tà ò sí lórí tábìlì, òun ò sì béèrè ibi tó gbà. Mélòó ni irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀? Mẹ́rin, ó kéré tán. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọn fún un, tó sì ń súre lé wọn lórí.

Ó tún rí oṣù kìíní. Ìjọ gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, gbogbo ènìyàn rù. Juliana rù ju gbogbo wọn lọ, òun sì yìn ín níwájú àwọn alàgbà pé ìyàwó òun mọ ààwẹ̀ í gbà. Obìnrin náà dúpẹ́. Ó tún kúnlẹ̀.

Oyèkọ́lá gbójú sókè.

"Ìwọ mọ̀."

Shakirat ò sá fún un. Ó ní òun mọ̀ láti oṣù kọkànlá, ọjọ́ tí Mọ́mì ṣubú nínú yàrá ìfọṣọ. Ó ní Mọ́mì mú òun búra pé òun ò ní sọ.

"O búra fún ìyàwó ilé pé wàá bá a bo ọkọ rẹ̀ lójú. Ìwọ lọ́kọ?"

"Mo lọ́kọ, sà."

"Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí i ńkọ́?"

"Inú á bí i. Dádì, ẹ bínú. Mi ò ní kẹ́ ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Sister Tabitha?"

Ó rántí. Ta ni yóò gbàgbé? Ọdún 2017 ni, jẹjẹrẹ ọmú, nínú ìjọ wọn. Oyèkọ́lá ni olórí ẹgbẹ́ aládùúrà nígbà náà. Òun ló kéde rẹ̀ lórí pẹpẹ, pẹ̀lú orúkọ, pẹ̀lú ọmú tí àrùn náà wà. Òun ló pín ogójì ọjọ́ fún àwọn èèyàn, tí wọ́n ń gba ipò lọ́wọ́ ara wọn nínú yàrá obìnrin náà láti àárọ̀ di alẹ́. Wọ́n kọrin, wọ́n ta òróró, wọ́n pàṣẹ. Kò sí ẹni tó wọlé tó bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Shakirat ní Mọ́mì fúnra rẹ̀ sọ fún òun nípa àárọ̀ ọjọ́ kan tó ń wẹ Tabitha, tí Tabitha di ọwọ́ rẹ̀ mú, tó ní kó bá òun sọ nǹkan kan, ohunkóhun, ìbáà jẹ́ iye tí iṣu ń lọ ní Rusholme. Mọ́mì ò tíì la ẹnu tí Oyèkọ́lá àti àwọn èèyàn rẹ̀ fi ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ pẹ̀lú orin. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Tabitha kú.

"Mọ́mì ní òun ò fẹ́ di kókó àdúrà," ni Shakirat wí. "Ó ní ìdajì ọdún tó kù fún òun, bí ó bá tó bẹ́ẹ̀, òun fẹ́ lò ó bí Juliana."

"Ìfẹ́ la fi ṣe é fún Tabitha."

"Mo mọ̀, sà. Òun náà mọ̀."

"Èmi ni ọkọ rẹ̀." Ohùn Oyèkọ́lá ti ga, ẹnìkan kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó yọjú, ó lọ. "Kó jókòó tì mí lóru kan péré kó sọ fún mi pé, Oyèkọ́lá, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò ní sọ. Mo lè pa ẹnu mọ́. Ta ló sọ fún un pé mi ò lè pa ẹnu mọ́?"

Shakirat tan kẹ́tùlù, ó padà to àwọn káàdì náà lórí tábìlì, ó tò wọ́n pẹ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, kò wo ojú rẹ̀.

"Dádì, aago mélòó ni Mọ́mì jáde láyé?"

"Aago mẹ́wàá ààbọ̀. Òwúrọ̀."

"Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni mo rí ìkéde ikú rẹ̀ lórí fóònù mi, sà. Ẹnìkan fi ṣọwọ́ sí mi láti WhatsApp ìjọ yín. Orúkọ yín ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Yéwándé ṣì wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ló ti kà á."

Kẹ́tùlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn hó, ó pa ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde sí i.  Oyèkọ́lá fẹ́ sọ pé àṣà ìjọ ni, pé alàgbà ni òun, pé wọ́n ń retí ìròyìn. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kò sọ ọ̀kankan. Inú ṣì ń bí i, ó ń bí i sí Juliana gidigidi. Bí obìnrin náà bá jókòó síwájú rẹ̀ lọ́wọ́ yìí, yóò bá a jà, yóò sọ fún un pé ìwà ìkà ni ó hù sí òun. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí ó wá mọ̀, méjèèjì, kò sì sí èyí tó lè dá padà nínú wọn.

Ó fi àpò ìdọ̀tí náà sílẹ̀ nínú kóòtù. Ó ní kí Shakirat wá àpò mìíràn tó dára fún òun. Shakirat lọ mú un wá, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ wọn, nítorí pé ẹni tó bá kó ẹrù òkú gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tó kó sílẹ̀ kó sì fọwọ́ sí i. Ó ní òun á bá wọn kọ ọ́. Oyèkọ́lá ní rárá. Ó gba bírò. Ó ń mú ẹrù náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó, ó ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ní èdè Yorùbá, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á lọ wá ẹni tí yóò kà á fún un.

Aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, méjì. Ọ̀kan kò ní bọ́tìnì kejì.

Bàtà dúdú, nọ́ńbà mẹ́fà. Ó ti jẹ lápá kan.

Agbòjò kékeré, ọ̀kan.

Awò ojú ìkàwé nínú àpò rẹ̀.

Agolo Milo. Ó kù díẹ̀.

Róòbù, ìdajì.

Ìwé pélébé tí ó kọ orúkọ arúgbó mẹ́rìnlá sí, àti ọjọ́ ìbí wọn. Mẹ́ta ni ó ti fa ìlà pa.

Oògùn ìrora. Ọ̀kànlá ló kù nínú páálí.

Páàkì káàdì mẹ́ta. Mo mú méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Shakirat.

Ìbọ̀sẹ̀ òwú, ẹsẹ̀ kan.